Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Tí Ń Ti Ojú Sánmà Rọ̀
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù, ní Adó-Èkìtì

Nígbà tí Akọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wa pé orí kí ni a ó sọ̀rọ̀ lé ní oṣù yìí, tí a sì dá a lóhùn pé orí àwọn tí ń fi páráṣúùtì bẹ́ láti inú bàálù ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni ó kan ará Èkìtì kan ẹni tí ń ti ojú sánmà bọ̀. A kò bínú sí i. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, a ó sì rí i láìpẹ́ pé àwọn tí ń bẹ́ náà ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe irú ẹni tí ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fà á.

Ọmọkùnrin kan wà tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa rí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tí ó fi wọ iṣẹ́ sójà, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ páráṣúùtì. Nígbà tí ó gba ìsinmi, ó wá kí ìyá rẹ̀, ẹni tí ń ta ẹ̀gúsí àti irú ní Ọjà Ọba níhìn-ín. Ìyá bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an. Ọmọ kò fẹ́ purọ́ fún ìyá rẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí èyí tí ó bá a mu, ó sì wí pé: “Ìyá mi, à ń já bọ́ láti inú bàálù ni.” Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí ìyá náà gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó já bọ́ lórí ọ̀pẹ ní oko kan lọ́nà Ìyìn nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kò sì dìde mọ́. Ìyá kọ oúnjẹ. Ó gbé àpò ọmọ rẹ̀ pa mọ́, ó ní kò sí ẹni tí yóò mú òun rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n ránṣẹ́ pe àwa tí a jẹ́ àlùfáà wọn.

Bí a ti ń rìn lọ sí ilé wọn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń yí lọ́kàn wa. Ọmọ náà kò purọ́, ìyá náà kò ṣi gbọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́, kí ó sì pa ìyá.

Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan péré fún ohun tí ó ti òkè wá sí ilẹ̀. Ẹni tí ó dúró tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀, ó ṣubú ni. Ilé a máa wó, igi ńlá a máa wó. Ewé a máa rẹ̀. Ẹni tí ó gun ẹṣin a máa sọ̀. Ẹyẹ tí ó fúnra rẹ̀ wá sórí ẹ̀ka, ó bà ni. Bí ọdẹ bá yìn ín níbọn ni a tó lè sọ pé ó já bọ́. Èso tí ó pọ́n tí ó fi igi sílẹ̀, ó já bọ́, nítorí pé ohun tí ó dè é mọ́ igi ti já. Nínú já bọ́, okùn ti já tán, ohun tí ń bọ̀ kò sì sí ní ìkáwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òjò kì í já bọ́. Òjò a máa rọ̀. Odùduwà tí gbogbo wa ń pè ní baba, Atẹ̀wọ̀nrọ̀ ni wọ́n ń kì í, ẹni tí ó tẹ ẹ̀wọ̀n tí ó fi rọ̀. A kò dúró níhìn-ín láti jiyàn ìtàn náà. Ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi tó wa í ṣe. Ohun tí a ń wí ni pé àwọn baba wa ti ronú kan ẹni tí yóò ti òkè wá pẹ̀lú okùn tí kò já, wọ́n sì ti yan ọ̀rọ̀ fún un. Ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ náà nílé, ó sì lọ mú òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àwọn tí ó ni iṣẹ́ náà ti ń sọ ọ̀rọ̀ tiwọn.

Páráṣúùtì fúnra rẹ̀, Faransé ni. Louis-Sébastien Lenormand ni ó sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tí ó bẹ́ láti orí ilé gogoro ìwòràwọ̀ ní ìlú Montpellier ní oṣù kejìlá ọdún 1783, lójú àwọn ènìyàn. Ó mú para, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ láti gba nǹkan dúró kí ó má bàa kan ẹni, ó fi kún chute, èyí tí í ṣe ìṣubú. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti ní parasol, ohun tí ń gba oòrùn, àti parapluie, ohun tí ń gba òjò. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ará: ohun tí ń gba oòrùn. A, gbà, oòrùn: agboòrùn! Bí Faransé ti kọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni Yorùbá ti kọ́ tirẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnìkan wo ìwé ẹnìkejì. Bí ó bá ṣe pé Òkèṣà ni wọ́n bí Lenormand sí, agbàṣubú ni ìbá pe ohun tí ó ṣe, kò sì sí ẹni tí ìbá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin olóyè tí a ń ṣí agboòrùn lé lórí lọ́jọ́ ọdún, ẹ kò mọ̀ pé ẹ ti sún mọ́ iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀.

Aṣọ ńlá tí ń ṣí lókè ẹni tí ó bẹ́, canopy ni wọ́n ń pè é. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọjọ́ Sátidé ní Adó, ta ni yóò rìn láti Ìjìgbò dé Basiri tí kò ní yà fún kánópì, ìsìnkú níhìn-ín, ìgbéyàwó lọ́hùn-ún? Orísun ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu. Ní èdè Gíríìkì, kōnōps ni ẹ̀fọn. Ibùsùn tí a ta àwọ̀n bò nítorí ẹ̀fọn sì ni kōnōpeion. Láti inú ibùsùn ni ó ti dé orí ìtẹ́ àwọn ọba, láti orí ìtẹ́ ni ó ti dé ojú sánmà, ó sì ti wá dé ìdí ọbẹ̀ ìsìnkú ní Àjìlósùn. Ọ̀rọ̀ a máa rìn ju ènìyàn lọ.

Bákan náà ni ripcord, okùn tí a ń fà kí páráṣúùtì lè ṣí. Rip ni kí a fa nǹkan ya. Kí ni ó ń ya nínú páráṣúùtì? Kò sí. Láti inú bàlúùnù ni okùn náà ti wá, èyí tí a ń fi afẹ́fẹ́ kún tí ó fi ń gbé ènìyàn lọ sókè. Bí bàlúùnù bá kanlẹ̀, ẹni tí ń darí rẹ̀ a fa okùn kan tí yóò ya ojú aṣọ náà kí afẹ́fẹ́ lè jáde wàrà, kí ìjì má bàa wọ́ ọ káàkiri. Nígbà tí wọ́n ṣe páráṣúùtì tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí, iṣẹ́ okùn yí padà, orúkọ kò yí. Láti ara bàlúùnù náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ bẹ́: ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 1797, André-Jacques Garnerin gòkè ní Paris, ó gé okùn tí ó so ó mọ́ bàlúùnù, ó sì rọ̀ sí ilẹ̀ láàyè. Aṣọ rẹ̀ kò ní ihò lórí tí afẹ́fẹ́ lè gbà jáde, nítorí náà ó ń fì í bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Etí wa sì ń gbọ́ ohùn balloon yìí kan náà nínú bàálù tí àwa fi ń pe ọkọ̀ òfurufú.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nítorí okùn tí kò ya nǹkan mọ́, kí ó rántí ọkọ̀. Orí omi ni ọkọ̀ wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, a ní ọkọ̀ ni. Nígbà tí rélùwéè dé, ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ohun tí ń fò dé, ọkọ̀ òfurufú. Ní Èkìtì níhìn-ín tí odò Irèjé kò gba ọkọ̀ kankan, ọkọ̀ ni gbogbo wa ń wọ̀. Àní ní oṣù kẹwàá 2022, nígbà tí èyí tí ń fò kọ́kọ́ balẹ̀ sí pápá tuntun tí ó wà lọ́nà Ìjàn, ọkọ̀ ni àwọn arúgbó wa lọ wò.

A ti sọ̀rọ̀ nípa ohun èlò; ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti le. Ẹ rò ó wò. Wọn a gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì méjì. Ẹni tí ó bẹ́ tí ó dojú bolẹ̀, tí ó na apá àti ẹsẹ̀, yóò máa sáré tó máìlì 120 ní wákàtí kan kí afẹ́fẹ́ tó dá eré náà dúró pé kò gbọdọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kò sí ohun tí ó dì í mú. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò lè máa sọ̀rọ̀ bí akọ̀wé kóòtù.

Bí okùn kan bá dá aṣọ kọjá nígbà tí ó ń ṣí, aṣọ náà a pín sí méjì, a wú lápá ọ̀tún, a wú lápá òsì. Orúkọ òṣèré obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mae West, ni wọ́n fi pe ewu yìí. Àlùfáà ni wá. Ẹ̀yin ẹ fúnra yín wá ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kì í bẹ́, tí ń dúró nílẹ̀ tí ń béèrè pé kí ni wọ́n ń bẹ́ fún, whuffo ni wọ́n ń pè é, láti inú ìbéèrè náà gan-an, “What for?”, bí àwọn ará oko Amẹ́ríkà ti ń pè é. Akọ̀wé wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá sì ṣí tí ó sì kú, wọn kì í wí pé ó kú. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa bọ́ọ̀lù tí ó kanlẹ̀ tí ó sì ta padà sókè ni wọ́n ń lò fún un.

Ọ̀rọ̀ náà dún wa létí nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ń pe ejò ní orúkọ rẹ̀ lóru? Okùn ilẹ̀ ni à ń wí. Nígbà tí àrùn ìgbóná ń pa ènìyàn, ta ni ó ń pe Ṣànpọ̀nná ní gbangba? Olóde ni, Ilẹ̀-gbígbóná ni. Ọba wa kì í kú. Ó wọ àjà. Ẹ̀rù kan náà ni. Àwa fi ọ̀wọ̀ bò ó, wọ́n fi ẹ̀rín bò ó, a sì gbà pé ọ̀nà tiwa dára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí yóò bẹ́ lọ́la ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́rìn-ín lónìí.

Igbe kan wà tí ayé mọ̀ mọ́ wọn: Geronimo! Ní ọdún 1940, ní Fort Benning ní ìpínlẹ̀ Georgia, àwọn sójà Amẹ́ríkà tí a kọ́kọ́ ń dán iṣẹ́ náà wò lọ wo sinimá kan ní alẹ́ tí wọn yóò bẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ Aubrey Eberhardt fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù yóò bà á tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ó ní orúkọ ẹni tí wọ́n rí nínú sinimá náà ni òun yóò ké bí òun bá ti fi ẹnu ọ̀nà bàálù sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọkàn òun wà nílé. Ó sì ké e. Ẹni tí ó ké pè, jagunjagun ẹ̀yà Apache ni, àwọn tí ó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Sójà Amẹ́ríkà ni ó lé e títí tí ó fi túúbá ní 1886. Ní ìgbèkùn wọn ni ó kú sí ní 1909. Ẹ wò ó: wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ara rẹ̀, ọjọ́ ẹ̀rù dé, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi kì ara wọn láyà. Àwa tí a ní oríkì, tí a mọ ohun tí orúkọ baba ń ṣe lára ọmọ tí ojora mú, a kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé wa gan-an ni Bóómà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní baba tàbí bàbá àgbà tí ó lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ẹ̀ka ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ àfonífojì Kaladan, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ojú sánmà sì ni oúnjẹ àti ọta ìbọn wọn ti ń wá: bàálù a kọjá, páráṣúùtì a ṣí, àpótí a rọ̀ sí àárín wọn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà nínú àwọn tí ó lọ síbẹ̀. Ó fara gbọgbẹ́ ní oṣù kẹta ọdún náà, àwọn ará abúlé ibẹ̀ sì fi í pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó padà sílé, ó kọ ìtàn rẹ̀, ó sì dàgbà kí ó tó kú ní 2012.

Ní àkókò ogun yẹn, sílíìkì páráṣúùtì kò tó. Ọ̀gágun Slim, olórí Ogun Kẹrìnlá tí àwọn ọmọ wa wà lábẹ́ rẹ̀, ní kí wọ́n lọ bá àwọn oníṣẹ́ aṣọ ní Calcutta, kí wọ́n fi jute hun ún. Láàárín oṣù kan wọ́n ti rí i ṣe. Iye tí ọ̀kan ń náni lé díẹ̀ ní £1, nígbà tí ti sílíìkì ń lọ sí £20. Wọ́n sọ ọ́ ní parajute. Wọ́n yọ chute, wọ́n fi jute sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹun. Kí sì ni jute? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà níhìn-ín, ewédú ni. Ẹ̀yà ewédú tí à ń fi ìjábẹ̀ já sínú ìkòkò ni wọ́n ń jẹ́ kí ó ga ní Bẹ̀ngálì, kí wọ́n tó bó okùn ara rẹ̀. Okùn náà ni wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ tí gbogbo àgbẹ̀ Èkìtì fi ń di kòkó. Ẹni tí ó bá ń jókòó lórí àpò kòkó rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kí ó mọ̀ pé ìbátan aṣọ tí ó gbé oúnjẹ wálẹ̀ fún ogun Bóómà ni ó jókòó lé.

A kò ní pẹ́ lórí sílíìkì. Àwọn tí páráṣúùtì bá gba ẹ̀mí wọn là ní ẹgbẹ́ kan láti 1922, orúkọ kòkòrò tí ń hun sílíìkì ni wọ́n sì ń jẹ́, nítorí pé okùn rẹ̀ ni ó so wọ́n mọ́ ayé. Ẹni tí ó bá wọ sányán wá síbí lónìí mọ̀ pé òwú kòkòrò ni òun náà wọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí igi ọ̀pẹ. Akọ̀pẹ àti adẹ́mu ni àwọn ará òfurufú tiwa. Igbà ni ohun èlò wọn, tí ó yí igi ká tí ó sì yí ìbàdí ènìyàn ká, tí wọ́n ń sọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ lé e. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di olùkọ́ lọ́la pé kí ni orúkọ ohun tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Èyí tí ó dín ní ìdajì ni ó kọ igbà. Àwọn ìyókù kọ okùn, ẹnìkan tilẹ̀ kọ bẹ́líìtì. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ọ̀pẹ tí à ń gbìn nísinsìnyí kúrú, a ń fi dòjé ọlọ́pàá gígùn kọ ẹyìn rẹ̀ láti ilẹ̀, àwọn tí ń gun ti àtijọ́ sì ti darúgbó. Ẹ̀dá tí ń fi páráṣúùtì ṣeré ní Amẹ́ríkà ti kó ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jọ, títí kan èyí tí kò yẹ ká sọ lórí pẹpẹ. Ti àwọn akọ̀pẹ Ìlawẹ̀ àti Ìgbàràodò dà? A bẹ ọmọ Ẹgbẹ́ tí ó bá ní irú baba bẹ́ẹ̀ nílé pé kí ó mú bébà àti kálàmù lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé, kí ó kọ orúkọ kókó igbà, orúkọ ọ̀bẹ, orúkọ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, bí wọ́n ti ń pè é ní ìlú wọn gan-an, kì í ṣe bí àwa olùkọ́ ti fẹ́ kí wọ́n pè é.

Nígbà tí a dé ilé ìyá náà, a kò kọ́kọ́ ṣí Bíbélì. A bi í bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gun ọ̀pẹ. Ó ní igbà ni. A ní kí ni ó wá ṣe é? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní igbà já. A ní igbà méjì ni ọmọ yìí ní, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà. Bí ti ẹ̀yìn bá kọ̀, ti àyà ń bẹ. A ní kì í já bọ́. Ó ń rọ̀ ni, bí òjò. Ó wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èkìtì ni ó sọ, ṣùgbọ́n a ó fi Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ kọ ọ́: “Ta ní ń di igbà náà fún ọ?” Ọmọ ní àwọn kan wà tí a kọ́ ní iṣẹ́ dídì rẹ̀, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ìyá ní: “Àwọn tí ń dì í, ṣé àwọn náà ń fi í rọ̀?” Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń fi í rọ̀. Nígbà náà ni ó dìde, ó mú àpò ọmọ náà jáde láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó sì ní kí àwọn ọmọ ilé lọ gbé odó wá, kí wọ́n gún iyán.

Ọmọ náà ti padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá a gba Ọjà Ọba kọjá, a sì gbọ́ tí ẹnìkan ń bi ìyá náà léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe nínú iṣẹ́ sójà. Kò wo ojú wa rárá. Ẹ̀gúsí ni ó ń wọ̀n lọ́wọ́. Ó ní: “Afagboòrùnrọ̀ ni.” Àwa kọ́ ni a kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà.